Ọlẹ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ọlẹ̀ kan ṣoṣo ló kù fún Rodiyat àti Tájù ọkọ rẹ̀, inú yìnyín ló sì wà, nílé ìwòsàn àwọn tó ń wá ọmọ ní Manchester. Ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti gba ẹyin lára Rodiyat, tí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ Tájù nínú àwo. Ọlẹ̀ mẹ́ta péré ló ti ibẹ̀ jáde. Wọ́n fi èkíní sínú Rodiyat, kò dúró. Wọ́n fi èkejì sí i, òun náà kò dúró. Dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹyin ara rẹ̀ ti ń tán lọ, àwọn ò lè rí òmíràn gbà mọ́. Omi ti fẹ́ẹ̀ tán lẹ́yìn ẹja.

Ìlọrin ni tọkọtaya yìí ti wá, àdúgbò Openshaw ní Manchester ni wọ́n ń gbé. Tájù ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú. Rodiyat ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Wythenshawe, àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń gbọ́ ìtàn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Bí wọ́n bá bi í pé ọmọ tirẹ̀ ńkọ́, á rẹ́rìn-ín. Ó di ìgbà tó bá ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kó tó sunkún.

Obìnrin tó ń mójú tó àwọn ọlẹ̀ nílé ìwòsàn náà, Chloe lorúkọ rẹ̀, ló pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan.

"Èèpo wà lára ọlẹ̀," ó ní, "bíi ti ẹyin adìẹ. Ọlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọ́ ọ jáde kó tó lè lẹ̀ mọ́ inú ilé ọmọ. Èèpo tiyín nípọn, yìnyín sì tún lè mú un le sí i. A lè fi iná tíntín kan tí wọ́n ń pè ní lésà ṣí ojú ibì kan lára rẹ̀, kó lè rí ọ̀nà jáde."

"Ṣé á wá dúró?" Rodiyat bi í.

"Mi ò lè ṣèlérí. Àwọn onímọ̀ kan ò tiẹ̀ gbà pé ó ń ranni lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀."

Etí Rodiyat kò gba gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wò ó bóyá koríko tóun dì mú lágbára.

Tájù kò tíì bọ́ kóòtù lọ́rùn nígbà tí wọ́n délé tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Rodi, adìẹ ni ìyá mi ń sìn tó fi tọ́ wa. Òròmọdìẹ tí èèyàn bá bá fọ́ èèpo, ṣe ló máa ń kú. Jẹ́ kí ọmọ yìí fúnra rẹ̀ jáde."

"Àwọn tó fúnra wọn jáde dà?" Rodiyat dá a lóhùn. "Méjì ti lọ, Tájù. Mi ò lè máa wo èyí náà kó kú sínú èèpo."

Ó kúnlẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Tájù ní òun ti gbà. Ẹnu ló fi gbà, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọlẹ̀ náà sínú Rodiyat, òjò ń ṣe wínníwínní, wọ́n wọ tíráàmù lọ. Chloe ti fi lésà ṣiṣẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó dé. Nígbà tí Rodiyat dùbúlẹ̀ tán, wọ́n gbé àwòrán ọlẹ̀ náà sójú tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Ó rí roboto, ó ń dán bí ìrì orí ewé. Níbi tí iná ti ṣí èèpo rẹ̀, ohun inú rẹ̀ ti ń yọrí.

"Ẹ wò ó," Chloe ní, "ó ti ń bọ̀."

Rodiyat di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Bísímílà," ó ní. Tájù náà wí i.

Èyí dúró. Nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé oyún ti wà, inú Tájù dùn débi pé kò mọ ìgbà tó fò sókè. Kí Rodiyat tó lè dá a dúró, ó ti pe ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin.

"Màmá, ẹ bá wa yọ̀!"

Ìyá náà ké, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n fún ìyàwó òun ní fóònù. "Ọmọ mi, Ọlọ́run á sọ̀ ẹ́ láyọ̀. Má gbé nǹkan wúwo o!"

Láti ìgbà náà, Tájù kò jẹ́ kó gbé ohunkóhun, títí kan àpò ìfàlọ́wọ́ rẹ̀. Rodiyat alára bẹ̀rẹ̀ sí í bá oyún náà sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ó ń sọ orúkọ àwọn ibi tí wọ́n ń gbà kọjá fún un, bí ìgbà tó ń mú àlejò rìn káàkiri ìlú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń wẹ ẹsẹ̀ fún ìyá arúgbó kan tí inú fi lọ́ ọ. Ó nu ẹsẹ̀ ìyá náà gbẹ, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó rọra lọ sílé ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ó ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì tó ń yàwòrán inú rẹ̀ yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò. "Ẹ má bínú," ó ní. "Oyún náà ti wálẹ̀."

Tájù wá bá a níbẹ̀, wọ́n jọ padà sílé. Ìdí ilẹ̀kùn ni Tájù dúró sí tó fi lanu.

"Mo sọ fún ẹ, Rodi. Mo sọ fún ẹ pé kí wọ́n má fọ́ ọ."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Rodiyat nìkan ló padà lọ bá Chloe. "Ṣé iná yẹn ló pa á?"

"Rárá o," Chloe ní. "Ara èèpo nìkan ni iná kàn. Ó ti jáde, ó ti lẹ̀ mọ́ inú yín, kó tó di pé ó wálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọlẹ̀ tó bá wálẹ̀ kì í pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé mo mọ ohun tó pa tiyín."

"Ta ló wá mọ̀ ọ́n?"

Omi ti lé sójú Chloe. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Rodiyat ju ẹ̀sùn lọ. Ká ní ẹnì kan jẹ̀bi ni, bó tiẹ̀ jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ì bá rí ibi gbé ìbínú rẹ̀ lé. Nígbà tó jíṣẹ́ fún Tájù, Tájù kàn mi orí, kò gbójú sókè.

Bí wọ́n ṣe jókòó bẹ́ẹ̀ ni fóònù Tájù dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ó ti ń pè fún ìgbà díẹ̀, Tájù kì í gbé e. Rodiyat nawọ́ mú un.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ìyàwó mi! Ṣé oyún ń jẹ́ kí o jẹun?"

"Ó ti bọ́, Màmá."

Ìyá náà pe orúkọ Ọlọ́run. "Fún Tájù ní fóònù," ó ní.

Tájù gbà á, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, Rodiyat rí i tó lóṣòó ti garawa ìdọ̀tí, tó ń sunkún bí ọmọdé. "Ọmọ mi ti lọ, Màmá. Ọmọ mi ti lọ." Láti ọjọ́ tí oyún ti wálẹ̀, Tájù kò tíì da omi lójú níṣojú rẹ̀.

Rodiyat gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ jáde lọ gbá a mọ́ra. Àmọ́ "mo sọ fún ẹ" tún dún létí rẹ̀, ó sì mú ọwọ́ kúrò. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sun tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí Tájù wọlé, ó bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ti jẹun. Rodiyat ní òun ti jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Tájù mú ìrọ̀rí rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e lọ sí pálọ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn títí di òní.