Wọ́n Fi Ikùn Tàófíìkì Sílẹ̀ Láìrán

"Ẹ ò rán an!"

Fàtíà na ìka sí ọmọ rẹ̀ lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ikùn Tàófíìkì là sílẹ̀ gbayawu. Àní gbayawu! Ọ̀rá ni wọ́n nà bò ó, aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin sì ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Fàtíà jókòó sílẹ̀ gbì.

"Ẹ ti jọ̀wọ́ ọmọ mi nìyẹn, Dókítà."

"A ò jọ̀wọ́ rẹ̀, Ìyá," Dókítà Olúmúyìwá dáhùn. "Ọ̀kadà tó gbé e ṣubú ló fa ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ya. A fi aṣọ dí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, a sì dúró. Ara rẹ̀ ti tutù jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì mọ́. Ká ní a fẹ́ parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orí tábìlì ni ì bá kú sí. Ẹ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru, ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Lọ́túnla, a ó yọ aṣọ náà, a ó wá rán an."

Mùkáílà, àbúrò olóògbé ọkọ Fàtíà, pòṣé. "Ìyá Tàófíìkì, ẹ dìde. Ẹni tí wọ́n là bí ẹran iléyá, ṣé aláàyè nìyẹn? Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ní Ùsì, kó kú sójú wa. Mo ti fóònù ilé, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀. Tí a bá kí ìrun Àsárì tán, a ó kírun sí i lára."

Fàtíà dìde. Ilẹ̀? Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó tutù rinrin, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ mì.

"Baba Kékeré," ó ní, "ulé bàbá yín tẹ́ ẹ fi amọ̀ mọ, ṣé ọjọ́ kan lẹ mọ ọ́n kan òrùlé?"

"Kó lè wó? Ìpele kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ ká tó gun òmíràn lé e."

"Nígbà tẹ́ ẹ ń dúró kó gbẹ, ta ló ní ẹ sá kúrò nídìí rẹ̀?"

Fàtíà tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ Tàófíìkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

*Amọ̀ ò tíì gbẹ o, ẹ rọra mọ ọ́n,*
*Ọmọ mi ò tíì móoru, ẹ rọra rán an.*

"Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ ńkọ́?" Mùkáílà bi í. "A kì í fi sàréè sílẹ̀ lófìfo."

"Ẹ ká apá aṣọ yín sókè ná, ẹ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú sàréè náà." Ó tún ìborùn náà wé dáadáa. "Tó bá so, Tàófíìkì ni yóò bẹ́ ẹ."