Ìdọ̀bálẹ̀ Roqeeb ní Rye Lane

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, torí irọ́ tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju irun orí mi lọ. Èmi Mìsítúrà ni mo ní kí Roqeeb dọ̀bálẹ̀. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, màá tún ní kó dọ̀bálẹ̀. Ọmọ àbúrò mi Rahmah ni, Catford ní London níbí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró lójú títì kí ọmọ wa máa juwọ́ sí Alhaji Gàníyù, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, bí ẹni tó ń dá bọ́ọ̀sì dúró. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ìbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ló sọ ìkíni lásán di wàhálà. Ìbò kánsù ni. Nígbà tí wọ́n kà á tán, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó rí kánsẹ́lọ̀ tó láti dá ìjọba ṣe. Ẹgbẹ́ ńlá, tí Alhaji Gàníyù ti ń bá ṣe kánsẹ́lọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n wọn ṣì dúdú, ló ní èèyàn jù, síbẹ̀ kò tó. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀lé wọn pẹ́kípẹ́kí. Ẹgbẹ́ kékeré, tí Roqeeb tipasẹ̀ rẹ̀ wọlé, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ, àmọ́ ibi tí ẹ̀kúnwọ́ yẹn bá tẹ̀ sí ni ìjọba yóò lọ. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Èmi kì í ṣe olóṣèlú. Ilé mi ni mo ń wò. Ẹ̀yìn Rye Lane, ní Peckham, ni fúláàtì mi wà, kánsù tó kógbá sílé sì ti pinnu pé àwọn yóò wó gbogbo ẹ́sítéètì wa, kí wọ́n kọ́ ti àwọn olówó síbẹ̀, kí wọ́n kó àwa lọ síbi tí wọ́n bá ti rí àyè. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ mí, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú fúláàtì yẹn ni ọkọ mi kú sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ilẹ̀kùn tí màá kàn bí àyà bá ń já mi. Níbo ni n óò ti tún bẹ̀rẹ̀ ìyẹn ní ọjọ́ orí mi?

Ẹgbẹ́ kejì fẹ́ kí wọ́n wó o kíákíá. Ẹgbẹ́ ńlá ń fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ kékeré nìkan ló dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn bá a ṣe ìjọba gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ẹ́sítéètì wa ò ní wó. Roqeeb wà lára àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ ńlá dúnàádúrà náà. Mo ń fi í yangàn kiri mọ́sálásí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìbò la pàdé Alhaji níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan, bí a ṣe ń ti ìrun bọ̀. Roqeeb ní, "Salaam, Uncle," ó sì juwọ́. Mo ṣẹ́jú sí i. Ó wo sòkòtò rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó tún wò mí. Omi yìnyín ẹja ń ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọmọ náà mọ ẹni tó ń wo òun, ó nà gbalaja.

Alhaji kì í gbàdúrà kékeré. Wọ́n mú un láti orí bàbá bàbá rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kan ìyàwó tí kò tíì fẹ́, wọ́n kan ọmọ tí ìyàwó náà yóò bí. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í dìde nígbà tí àgbà ṣì ń ṣàdúrà lé e lórí. Roqeeb wà nílẹ̀, ó ń ṣe àmín. Ẹnìkan tí a ò mọ̀ di òní sì yọ fóònù, ó ya fótò.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fótò náà ti dé gbogbo ibi. Kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ kékeré nìyẹn nílẹ̀, àyà lórí omi ẹja, kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ ńlá dúró lókè orí rẹ̀, ó na ọwọ́ bí ọba. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá wa dúnàádúrà." Àwọn ọ̀dọ́ kan ní mọ́sálásí tún gbé tiwọn dé, wọ́n ní Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Mo ní àyà ló kan ilẹ̀, kì í ṣe orí, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Roqeeb wá bá mi nílé. Kò tilẹ̀ bọ́ bàtà kó tó jókòó.

"Mummy Peckham, it's bad o. Wọ́n ti yọ mí kúrò ní negotiating team."

"Nítorí kí ni?"

"That picture now. Jonathan ní everyone's saying mo ti sell out." Jonathan ni olórí ẹgbẹ́ wọn. "Meeting wà tomorrow. Tí àwọn members bá vote no, coalition yẹn is dead, ẹgbẹ́ kejì máa wọlé. And then ilé yín..."

Kò parí rẹ̀. Kò pọn dandan kó parí rẹ̀.

"Ṣé o ò sọ fún wọn pé ìkíni ni?"

"I told them! Zoe, one of our members, wá ní, okay, it's a greeting, but why were you down there so long?"

"Nítorí pé Alhaji ń gbàdúrà!"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Mummy. Ìyẹn made it worse, man. Allow it."

Mi ò mọ ohun tí "allow it" túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo rí i pé omi ti ń lé sójú ọmọ mi. Ẹ̀rù bà mí gidi. Inú sì bí mi, torí ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé bí ẹ̀rù bá bà mí láìbínú, n óò kàn jókòó ni. Mo wé gèlè, mo gba ilé Alhaji lọ.

Mo bá Alhaji nídìí oúnjẹ. Wọ́n ti rí fótò náà. Àwọn ẹgbẹ́ tiwọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ kékeré ti dọ̀bálẹ̀ tán, kí ló tún kù tí a fẹ́ fún wọn.

Mo ní, "Alhaji, ọ̀la ni ìpàdé àwọn Roqeeb. Ẹ bá mi débẹ̀."

"Mìsítúrà, ṣé orí ẹ pé? Tí mo bá dé meeting àwọn yẹn, àwọn party mi náà á ní mo ti tà wọ́n."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Àgbà tún gbọ́dọ̀ ní ọgbọ́n orí."

"Ẹ̀yin lẹ fi àdúrà dá ọmọ yẹn dúró sílẹ̀. Ẹ wá gbé e dìde."

Wọ́n ń fi ṣíbí tú oúnjẹ kiri inú àwo. Ó jọ pé nǹkan kan wà nínú wọn tí wọn ò fẹ́ sọ. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Màá rò ó."

"Ẹ máa rò ó nígbà tí wọ́n bá ń kó ẹrù mi sínú ọkọ̀," ni mo wí, mo sì jáde. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ báyẹn sí ọ̀rẹ́ ọkọ mi. Ó kúkú ti jáde lẹ́nu mi.

Gbọ̀ngán kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣèpàdé. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló yẹ kó wọlé, ṣùgbọ́n mo gba àárín wọn kọjá lọ jókòó sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó láyà láti lé mi. Zoe gan-an ló bá mi wá àga. Ọmọ dáadáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Jonathan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó jọ pé kò tíì sùn láti ọjọ́ ìbò. Ó ní òun gba Roqeeb gbọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ńlá ti fi ìlérí tan àwọn mìíràn jẹ rí, fótò yìí sì ti jẹ́ kí àwọn èèyàn tó dìbò fún àwọn máa béèrè ẹni tí àwọn wà fún. Roqeeb dìde, ó ṣàlàyé. Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń wo fóònù pọ̀ jù wọ́n lọ. Jonathan wá ní kí wọ́n nawọ́: àwọn tí ò fẹ́ ìjọba àjọṣe náà ńkọ́?

Ọwọ́ ti ń gòkè nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Alhaji Gàníyù ló wọlé, ti fìlà ti agbádá.

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ṣé wọ́n tún wá gba ìdọ̀bálẹ̀ ni. Jonathan dìde, ó ní pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Alhaji ní òun ò ní pẹ́. Mo gbàdúrà sínú pé kó rí bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹ ń bi ọmọ yìí léèrè ohun tó fún mi nígbà tó wà nílẹ̀. Kò fún mi ní nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ gbèsè. Níbi tí a ti wá, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ ti pè ẹ́ ní bàbá lójú gbogbo ayé. Bàbá kì í ta ọmọ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Alhaji dúró dè é títí ó fi rín in tán.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń gbé kiri. Nínú ẹgbẹ́ mi, àwọn kan ti pinnu pé bí ẹ bá ti bá wa jókòó sórí àga tán, a óò gbé ọ̀rọ̀ ẹ́sítéètì yẹn fún ìgbìmọ̀ kékeré kan, yóò sì sùn síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọmọ yìí wá nà sílẹ̀ níwájú mi, tí mo sì ń ṣàdúrà fún un pé kò ní rí ọ̀dàlẹ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe parí àdúrà náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi gùn."

Èmi fúnra mi kò mọ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọ̀rọ̀ ẹ́sítéètì ni a óò kọ́kọ́ dìbò lé, kí a tó yan olórí kánsù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọwọ́ mi ò ní gòkè. Bí ọwọ́ mi ò bá sì gòkè, tiyín tiwa ò ní tó."

Zoe dìde. Ó ní, ṣé wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ fún olórí ẹgbẹ́ wọn?

Alhaji yọ fóònù, wọ́n pe obìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ńlá, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un láì yọ ẹyọ kan.

Obìnrin náà ní, "Gàníyù, where are you?"

"I'm in Peckham," ni Alhaji wí.

A gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dáa, kí wọ́n kọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n tún nawọ́, àwọn tó gbà pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó. Jonathan bọ Roqeeb lọ́wọ́, ó tún bẹ̀ ẹ́. Roqeeb ní kò sí wàhálà. Mo fẹ́ kó jẹ́ kí Jonathan bẹ̀ ẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ tòní kì í mọ adùn nǹkan.

Ọjọ́ tí kánsù tuntun jókòó, àwa ará ẹ́sítéètì kún òkè ibi tí àwọn aráàlú ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mo ń wo ọwọ́ Alhaji. Ó gòkè. Ẹyọ ìbò kan ṣoṣo la fi borí. Wọn ò ní wó o! Aládùúgbò mi tó jókòó tì mí pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ fi wá kìlọ̀ fún un. Èmi ò lè pariwo. Mo kàn jókòó, mo ń sunkún bí ọmọdé, mo ń sọ pé alhamdulillah, alhamdulillah, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yan olórí kánsù, ẹyọ ìbò kan náà ló sì fi wọlé.

Roqeeb sáré gòkè wá bá mi, ó dì mọ́ mi.

"We did it, Mummy! But it's one vote o. Tí Alhaji bá ní ordinary catarrh lọ́jọ́ ìbò, government ti collapse nìyẹn."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo bojú wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé, mo rí Alhaji tí wọ́n ń jáde bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńlá, ti agbádá gígùn, àtẹ̀gùn òkúta tí òjò ti rẹ sì wà níwájú wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìsàlẹ̀. Mo gbá apá wọn mú.

"Mìsítúrà, kí ló dé? Mo lè rìn o."

"Ẹ rọra, Alhaji. Ṣé ẹ ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lónìí?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò," ni mo wí. "Ilé mi ni mo dì mú yìí."