Orúkọ Tí Kọ̀ǹpútà Yọ

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbádérọ̀, ló lọ ṣèlérí lórí rédíò pé èsì ìdánwò àṣejáde àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni yóò wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aago méjìlá ọ̀sán Jímọ̀ tó lù. Wọn ò bi èmi Adétóun léèrè, èmi tí mo máa ń yẹ èsì wò kẹ́yìn. Inú ọkọ̀ Mọ́kọ́lá ni mo ti gbọ́ ọ, bí gbogbo ayé ṣe gbọ́ ọ. Ẹgbẹ́ àwọn onílé-ẹ̀kọ́ tó gbéṣẹ́ fún wa sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí a bá tún pẹ́ bíi ti èṣí, àwọn á wá ẹlòmíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, Kabir, ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wa ní Bódìjà, ń kọrin lábẹ́nu. Ó ti yọ ìkejì gbogbo orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olùkọ́ ló máa ń fà á: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti ń fà, wọ́n á tún tẹ ọmọ kan náà wọlé, ìgbà mìíràn pẹ̀lú máàkì tí wọ́n ti tún ṣe.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé ọmọ kan náà ni?" mo bi í.

"Àǹtí, n ò wo orúkọ àbísọ rárá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé orúkọ ọmọ Yorùbá kì í tán. Lónìí wọ́n á kọ Fadékẹ́mi, lọ́la wọ́n á kọ Mofẹ́olúwa. Orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, ilé-ẹ̀kọ́ àti fóònù òbí ni mo wò. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti bára mu, mo yọ ìkejì."

Ọgbọ́n ló dá, mo gbà. Mo tiẹ̀ ti fẹ́ yìn ín kí n tó rántí nǹkan kan.

"Kabir, àwọn ìbejì ńkọ́?"

Ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn orúkọ tó ti yọ.

Nígbà tí a sọ fún Ọ̀gá, wọ́n ní ká gbé èsì jáde bẹ́ẹ̀ ná, ká tún un ṣe lọ́la. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

"Ọ̀gá, òbí tí kò bá rí orúkọ ọmọ ẹ̀, ṣé ẹ máa ní kó dúró dọ̀la kó tó sunkún ni?"

Wọ́n wò mí títí. "Ẹnu ẹ yìí ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa." Ṣùgbọ́n wọ́n fa fóònù wọn yọ. "Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wo ni kí n pè?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ kan náà ni lóòótọ́. Aago méjìlá kọjá, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ sì ń pe Ọ̀gá, wọ́n ń bú wọn.

Mo wá kan ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Móníyà. Ọ̀gá ibẹ̀, Ìyáàfin Akíndúró, ló gbé fóònù.

"Ẹ káàsán, mà. Ikhlas àti Mutmainah, ṣé ọmọ kan ni àbí méjì?"

"Méjì ni wọ́n. Ìbejì ni wọ́n. Àmọ́ ibà mú Ikhlas lọ lẹ́yìn ìdánwò. Ìyá wọn ti wà níbí láti àárọ̀, ó fẹ́ rí orúkọ àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ tiẹ̀ torí pé kò sí mọ́."

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Ikhlas wà níbẹ̀. Mutmainah tó wà láàyè la ti yọ.

N ò lè sọ ìyẹn fún wọn. Mo ní, "Àwọn méjèèjì á jáde, mà," mo fi fóònù sílẹ̀, mo sì sunkún níṣojú Kabir.

Àwọn Mùsùlùmí ti kírun alásàrí ìrọ̀lẹ́ kí èsì tó jáde. Ẹgbẹ́ ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn ti rí ẹlòmíràn tó máa ṣe ti ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀gá fi hàn mí, èmi ò sì bẹ̀bẹ̀.

Ìyáàfin Akíndúró pè mí padà pé ìyá àwọn ọmọ ti rí i.

"Kí ni wọ́n sọ, mà?"

"Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ní àwọn ọmọ òun méjèèjì yege."