Olè àti Ọmọdé Orí Ẹṣin

Nígbà tí káfíńtà wà lọ́mọdé, inú àpò ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti bá aago olùkọ́ tó háyà yàrá nílé wọn, ni wọ́n bá lé e kúrò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ ń sùn lórí ẹní kan náà nígbà yẹn. Ta ni ìbá tún fọwọ́ kan àpò òun? Láti ìgbà náà ló ti yan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lódì, títí irun àwọn méjèèjì fi funfun.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ dá ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ahọ́n rẹ̀ kò sì gbé ọ̀rọ̀ mọ́. Káfíńtà dé ẹnu géètì ọsibítù, ó sì padà. Kí ló fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀? Ó bá gba ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ, ẹni tó ń fi káàdì aláwòrán woṣẹ́ ní pálọ̀ rẹ̀.

"Bọ̀dá mi! Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni mo ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ọ̀lẹ náà ni. Da káàdì rẹ. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi máa jẹ́wọ́ kó tó kú? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀."

Ó po káàdì pọ̀, ó ní kó fa méjì. Èkínní, ọkùnrin kan tó kó idà mọ́yà, tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ. Èkejì, ọmọdé kan níhòòhò lórí ẹṣin funfun, oòrùn ràn lókè orí rẹ̀.

Káfíńtà fi ìka gún èkínní. "Olè rèé! Wo ojú ẹ̀gbọ́n mi!"

"A kì í dá a kà. Èkejì ló ń sọ irú ẹni tí èkínní jẹ́. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ igi kan ṣoṣo hàn mí, ṣé mo lè mọ̀ bóyá àga lẹ fẹ́ kàn ni àbí tábìlì?"

"Ó dáa, kà wọ́n pọ̀."

Obìnrin náà fẹ́ kó káàdì nílẹ̀, káfíńtà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo ní kà á!"

"Olè pẹ̀lú ọmọdé." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Àbúrò ni."

Káfíńtà fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀. "Àbúrò? Èmi kọ́ ni àbúrò rẹ̀ ni? Káàdì tìrẹ náà ń pè mí lólè!" Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Ẹni tó mọ òótọ́ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn tó lè sọ̀rọ̀, olè ni wọ́n ń pè mí."

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin kọ́."

"Ta wá ni?"

"Ẹ̀yin náà ní àbúrò."

Káfíńtà gbójú sókè wò ó.

"Ojú fèrèsé olùkọ́ ni aago náà wà. Mo kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún ni. Bí mo ṣe gbúròó ẹsẹ̀ wọn, àpò yín ló sún mọ́ mi jù. Bọ̀dá àgbà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, títí dòní." Omi ti ń ro tótó lójú rẹ̀ sórí káàdì. "Èmi ni mo gbé aago yẹn."