Ẹlẹ́rìí Abẹ́ Òkúta

"Mama Benilde, ọ̀nà ti parẹ́."

Arantxa ló sọ bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ kí ènìyàn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn àgbàlá, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé èjìká, ẹrẹ̀ sì mù ún dé orúnkún. Àwọn tó kó wá láti ìlú ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gun kẹ̀kẹ́ nínú wọn, gbogbo wọn ń wọ́ ọ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ.

"Ọ̀nà kì í parẹ́," ni Benilde wí. "Ẹ ṣìnà ni."

"Èmi tí mo ti ń gbà á láti ọjọ́ yìí? Wọ́n ti túlẹ̀ rẹ̀, Mama. Láti ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún títí dé ilé tó dá wà lóko yẹn, poro ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wo taya wa."

Benilde wo taya. Ẹrẹ̀ abúlé wa kì í ṣe èyí tí à ń fi omi ṣàn, bó bá ti mú nǹkan, àfi ká fi ọ̀bẹ ha á. Àmọ́ ọkàn Benilde kò sí lára ẹrẹ̀. Ilé tó dá wà lóko yẹn, ilé Eutimio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Kò sì sí ẹlòmíì tó ní katakata níhà ibẹ̀.

"A ò lè máa ru kẹ̀kẹ́ wá sílé yín," ni Arantxa tún wí. Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ló sì burú níbẹ̀. "Tí ọ̀nà yìí ò bá sí nígbà ìrúwé, a máa gba abúlé mìíràn ni."

Kí ni ènìyàn tilẹ̀ fẹ́ wá ṣe ní abúlé wa? Ilé ìwé ti tì, ilé búrẹ́dì ti tì, àlùfáà ń wá bó bá rántí wa. Ọ̀nà àgùntàn nìkan la ní. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni àwọn darandaran ń da agbo ẹran gbà lọ sí gúúsù bí òtútù bá ti ń bọ̀. Àgùntàn ò wá mọ́, ọ̀nà ló kù, òkúta wẹ́wẹ́ funfun láàárín oko ọkà, tó lọ títí ojú ò fi lè bá a mọ́. Ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀, àfi ògbólógbòó ọkọ̀ Eutimio tó ń wá bá ìyá wọn mu kọfí láràárọ̀. Ohun tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń wá kiri nìyẹn. Benilde sọ ilé tó jogún di ilé àlejò, ó ń fún wọn ní ibùsùn àti ọbẹ̀ aáyù, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀.

Ó wọ bàtà oko, ó gba oko lọ.

Eutimio wà lórí katakata. Ó rí i tó ń bọ̀, kò pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti túlẹ̀ gba ojú ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo?"

"Ẹ pa nǹkan yìí ká sọ̀rọ̀."

Ó pa á. "Ọ̀nà wo, Benilde? Òkúta ààlà nìyẹn lọ́hùn-ún. Ó kọjá ọ̀nà àbí kò kọjá? Ibi tó bá dúró sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mi parí sí. Ọkà báálì ni mo fẹ́ gbìn."

"Òkúta yẹn, ẹ̀yin náà mọ ìrìn tó rìn."

Ojú Eutimio yí padà. "Kí lo wí?"

"N ò wí nǹkan kan. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Kí lo ṣe? Ìwọ gba ilé, èmi gba eruku. Bí òjò ò rọ̀, èmi ni. Bí yìnyín bọ́ sórí ọkà, èmi ni. Ìwọ jókòó sílé bàbá mi, ò ń ta afẹ́fẹ́ oko mi fún àwọn tí ṣòkòtò wọn fún mọ́ wọn ní ìdí. Wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n á ní, 'Ibí yìí mà dákẹ́ o.' Wọ́n á máa ya fọ́tò mi bí ẹni pé màlúù ni mí. O ti bi mí rí pé ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn?"

Kò bi í rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ti bí Benilde, òótọ́ ò sì ráyè wọlé.

"Màá pe alága ìlú."

"Pe póòpù," ni Eutimio wí, ó sì ṣáná sí katakata rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ òkúta ṣe jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ mú amọ̀ sísun kan, irú èyí tí a fi ń bo òrùlé, á fọ́ ọ sí méjì, á tẹ́ méjèèjì sísàlẹ̀ kó tó gbé òkúta lé e. Ẹlẹ́rìí là ń pè é: ibi tí a bá ti bá àfọ́kù méjì tó bára mu, ibẹ̀ ni ààlà wà. Olè lè ti òkúta, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan ẹlẹ́rìí, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá hú u ní kọ̀rọ̀, ọkà ò ní yọ lóko rẹ̀ mọ́. Honorato, bàbá wọn, ti òkúta. Lẹ́yìn tí àgùntàn ò wá mọ́ ni, ó ti í láti ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún sọdá sí òdìkejì ọ̀nà, ó fi ẹlẹ́rìí sílẹ̀ nídìí igi. Eutimio bá a ti í, Benilde tó kéré ló di okùn ìbaaka mú. Honorato ò túlẹ̀ ọ̀nà náà títí ó fi kú, bóyá ẹ̀rù ló bà á. Honorato yìí kan náà sì ni gbogbo abúlé ń pè láti wá parí ìjà ààlà. Bó bá ti dá ẹjọ́, ó parí nìyẹn.

Casilda, ìyá wọn, wà lórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó kọjú sí fèrèsé níbi tó ti máa ń rí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ bó bá ń bọ̀. Ó ń bó aáyù.

"Ìyá, mo fẹ́ hú ẹlẹ́rìí."

Ìyá ò gbójú sókè. "Bàbá rẹ ti kú."

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Tó o bá mọ̀ ni, o ò ní fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, Benilde."

"Ọwọ́ wo ni kí n wá fi júwe é? Tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ò bá wá mọ́, ilé náà máa tì ni. Kí la fẹ́ máa jẹ?"

"A ti jẹ ohun tí kò tó rí. A ò kú." Ó ju èèpo aáyù sínú iná. "Tó o bá hú u, má retí pé wàá tún bá mi lórí àga yìí."

Benilde rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, tí wọ́n á sọ lówùúrọ̀ tí wọ́n á gbàgbé lálẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo àwa tó ṣẹ́kù ní abúlé jáde lọ sídìí igi ẹlẹ́gùn-ún. Ta ni kò ní lọ? Kò sí nǹkan mìíràn láti wò. Alága ìlú kó ọwọ́ sápò kóòtù.

"Ẹni tó bá ní òkúta ti rìn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀," ni alága wí. "Benilde, ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Eutimio súnmọ́ ọn títí Benilde fi ń gbọ́ òórùn epo katakata lára rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Benilde, fi í sílẹ̀. Màá fi àyè sílẹ̀ fún wọn, ibi tí kẹ̀kẹ́ méjì lè gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Màá sọ fún alága pé mo gbà. Má jẹ́ kí wọ́n rí bàbá báyìí."

Ká ní orí katakata lọ́jọ́sí ló ti sọ ọ́, Benilde ì bá dì mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ló tún ń wá? Ó tó, ó ṣẹ́kù pàápàá. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ojú sì ń wò ó, "pe póòpù" ṣì ń ta á létí.

"Ó ti pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó sì gbé ọkọ́ sókè.

Ẹlẹ́rìí ò jìn rárá. Alága bẹ̀rẹ̀, ó mú àfọ́kù méjèèjì, ó fi aṣọ nù wọ́n, ó so wọ́n pọ̀. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Benilde dúró, ó ń retí kí ẹnì kan sọ pé o ṣeun, ọ̀nà gbogbo wa lo gbà padà.

"Honorato," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn. "Honorato tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi, tó ní àwa la ti òkúta."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì ràn lẹ́nu wa bí iná inú koríko gbígbẹ. Eutimio dé fìlà rẹ̀, ó ń lọ.

Nígbà tí Benilde délé, ọkọ̀ Eutimio wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ti jókòó sí iwájú ọkọ̀, ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ lé itan.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ilé yín rèé."

Casilda ń wo iwájú. "Ọbẹ̀ wà lórí iná," ó wí. "Má jẹ́ kó jóná."

Wọ́n tẹ́ ọ̀nà náà padà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Benilde ń gbé ọbẹ̀ gba orí rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyàwó Eutimio á gba ìkòkò lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ìyá ń sùn." Láti ìgbà òtútù, ìyá ń sùn. Eutimio fúnra rẹ̀ ti ń gba ọ̀nà ọ̀dà yípo bó bá fẹ́ jáde, kò jẹ́ fi taya kan òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Àwọn aláwàdà abúlé wa sì kan pátákó mọ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: Ọ̀nà Honorato.

Nígbà ìrúwé, Arantxa dé. Àwọn tó kó wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ojú wọn pọ́n fún oòrùn, inú wọn dùn.

"Mama, ẹ ṣeun o. Ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ kan báyìí máa ń da eruku bò wá láràárọ̀? Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyọ kan ò kọjá. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí, a ò rí i níbòmíì."

"Kò sí níbòmíì," ni Benilde wí.

"Ta wá ni Honorato tí orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó? Ó ní láti jẹ́ èèyàn pàtàkì."

"Bàbá mi ni."

"Áà, orí yín á mà wú o."

Benilde ń bu ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò, ọkùnrin kan tó ti rẹ̀, fọwọ́ lé àga ẹ̀gbẹ́ ààrò. Láti ọjọ́ tí ìyá ti lọ, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, Benilde á ní, "Ẹ má bínú, ti ìyá mi ni," á sì fa òmíràn fún un.

"Ṣé ẹnì kan ló ni ibí yìí?" ni ọkùnrin náà bi í.

Benilde wo ìta fèrèsé. Ọ̀nà funfun náà lọ láàárín ọkà tútù, ó lọ, ó lọ, kò sí nǹkan tó ń mì lórí rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó wí. "Kò sẹ́ni tó ń bọ̀."