Wáyà Abẹ́ Odó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, kí n ro ẹjọ́ odó, wáyà àti ohùn ìyá kan fún yín. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo.

"Ó tún ti lọ sílẹ̀!" Zéphirin fọwọ́ lé orí. Nínú yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ fọ́tò àti fíìmù ní Dassa, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń fa fíìmù kan bọ̀ láti inú àpótí ìpamọ́ fíìmù, èyí tó ń pè ní serveur, tó wà ní òdìkejì àgbàlá. Ó ń fà á bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ bu omi kànga. Ọ̀sán yìí ni wọn yóò sin ìyá rẹ̀, inú fíìmù yẹn nìkan sì ni ohùn ìyá náà kù sí láyé.

"Ṣé ó máa di alẹ́ kó tó parí ni?" Euphrasie, ìyàwó rẹ̀, béèrè.

"Serveur yẹn ò ní rí alẹ́. Tàńtí Marguerite ní ó ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú yàrá. Díìsìkì rẹ̀ ló ń kú lọ. Tó bá dákẹ́, ó parí nìyẹn."

Yàrá ìyá rẹ̀ ni àpótí náà wà, nítorí yàrá yẹn kọ ẹ̀yìn sí àpáta, ó sì tutù ju gbogbo ilé lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n tẹ́ òkú sí. Nínú ìdílé wọn, àkọ́bí kì í wo ojú ìyá rẹ̀ tó kú. Zéphirin sì ni àkọ́bí. Ìdí nìyí tó fi ń fi wáyà fa ohun tí ẹsẹ̀ lè lọ gbé. Àpótí tó ń kú lọ kò ṣeé gbé jáde, òun nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó.

Ó ti pa ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti tún un tàn. Ó ti pààrọ̀ orí wáyà. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

"Dúró ná," Euphrasie wí. "Wo bí iye ìyára yẹn ṣe ń ṣubú lójú kọ̀ǹpútà. Gbọ́ ìta."

Gbì. Gbì. Gbì. Àwọn obìnrin ń gúnyán fún àlejò. Bí ọmọ odó bá balẹ̀, fíìmù á dúró. Bí wọ́n bá sinmi láti yí iyán, á tún rìn.

"Mo gbé! Abẹ́ odó ni wáyà gbà!"

Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n dojú odó dé sẹ́yìn ilé nítorí ọ̀fọ̀. Zéphirin rí àyè tó ṣófo, ó ri wáyà síbẹ̀. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé odó padà sí ojú àyè rẹ̀.

Ó sáré jáde. "Tàńtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró!"

Tàńtí Marguerite, àbúrò olóògbé, gbé ọmọ odó sí èjìká. "Kí n dáwọ́ dúró? Àwọn ará Glazoué ti dé, ikùn wọn ń ké ju ẹ̀rọ rẹ lọ. Àwọn ló gbé iṣu wá. Ṣé kí n ní kí wọ́n lọ jẹ wáyà?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Zéphirin ti ń fọwọ́ hú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Wáyà náà ti tẹ́ pẹlẹbẹ.

"Bí ẹ bá tilẹ̀ dúró báyìí, ó ti bàjẹ́. Ohùn Màmá ló wà níbẹ̀, Tàńtí. Wọ́n ń kú lójú mi lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹ̀rín dá. Tàńtí wo ilẹ̀kùn yàrá. "Kí ló lè gbà á là?"

"Kí n gbé kọ̀ǹpútà wọlé, kí n so ó mọ́ àpótí náà níbi tó wà gan-an. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni."

"Ojú ìyá rẹ ni wọ́n ní kí o má wò. Ta ló ní kí o má gbọ́ ohùn wọn?" Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó wọlé, ó fi bo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Máa bọ̀, ọmọ mi. Ṣáà kọ ẹ̀yìn sí wọn."

Zéphirin jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ibùsùn. Ó fi wáyà kúkurú kan so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀. Fíìmù náà ń wọlé bí àgbàrá òkè. Àpótí ké, ó ké, ó sì dákẹ́. Ìgbéyàwó àti ìrìbọmi àwọn oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ó ṣí ẹyọ fíìmù kan ṣoṣo tó rí gbà, ohùn ìyá rẹ̀ sì jáde:

"Zéphirin, fi nǹkan yẹn sílẹ̀, wá jẹun. Iyán ń tutù."

Níta, gbogbo ọmọ odó dúró.

"Ẹ bu iyán fún un," Tàńtí Marguerite wí. "Àbí ẹ ò gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ń pè é ni?"

Euphrasie fúnra rẹ̀ ló fi ìtàn yìí lé mi lọ́wọ́, lójú ọ̀nà Arigbo, ibi àdúrà tó wà ní Dassa. Mo ti sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.