Omi Àpòlúkù

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé àwọn ewúrẹ́ Ọ̀gá Oko ń ṣubú, Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka, kò sì mọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Mélòó ló kú?"

"Mẹ́rìnlá," ni aládùúgbò tó mú ìròyìn wá dáhùn. "Ọgbọ̀n ló kù, gbogbo wọn ń da itọ́ lẹ́nu."

"Ó kù díẹ̀ nìyẹn," ni Aránṣọ wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tọ́jú ewúrẹ́ ní oko ìwádìí tí Ọ̀gá ń darí. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé igi tí wọ́n fi ṣe ọgbà yí oko ká, tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, olóró ni. "Bí o bá gé e," a máa sọ fún àbúrò rẹ̀, "inú á bí i. Oúnjẹ tí ì bá fi ga, oró ni yóò fi pò sínú ewé tuntun." Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ mẹ́fà tí òun fúnra rẹ̀ ń sìn lẹ́yìnkùlé ń jẹ ewé náà, nǹkan kan kò ṣe wọ́n, nítorí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ń bẹ nínú àpòlúkù wọn, tó ń fọ́ oró náà wẹ́wẹ́. Ó bẹ Ọ̀gá kí ó jẹ́ kí òun fa omi àpòlúkù wọn, kí òun fún ẹran oko mu. Ọ̀gá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. "Ẹ wá wo Dókítà Ìgbẹ́!" Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí èèmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n lé e. Kò pé oṣù mẹ́jọ, ọkàn rẹ̀ dákẹ́ lórí àga. Ọ̀gá kò wá síbi ìsìnkú, kò sì ránṣẹ́.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, Ọ̀gá ní kí wọ́n gé ọgbà náà, kí ó lè rú ewé tútù fún ẹran.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí lọ́jọ́ tí ìròyìn dé náà, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Aránṣọ.

"Ẹ káàsán, Àǹtí."

"Àǹtí ta ni?"

"Mo gbọ́ pé ewúrẹ́ Dókítà… ewúrẹ́ olóògbé ṣì wà lọ́wọ́ yín."

"Dókítà kí ni? Ẹ parí ẹ̀. Àbí ìgbẹ́ náà lẹ wá bù?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Bí àwọn tó kù bá kú, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn."

"Ẹ máa lọ. Mò ń gbé omi náà bọ̀."

Ó dúpẹ́ títí. Aránṣọ ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó ti rí iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìmọye ìgbà. Ó fi igi oníhò há ewúrẹ́ lẹ́nu, ó ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò náà wọ ọ̀fun títí dé àpòlúkù, ó sì fa omi náà sínú korobá kékeré. Ó ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ́ẹ̀. Omi náà rí bí ewé tí a gún, ó ń rùn bíi koríko tó ti kan. Ó fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ó gbé omi kaná.

Ohun tó fẹ́ ṣe kò le. Ooru púpọ̀ ń pa àwọn kòkòrò náà. Bí ó bá ki korobá bọ inú omi híhó fún ìgbà díẹ̀, òkú lásán ni yóò gbé dé oko. Ọwọ́ Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò fi fún ẹran mu, ojú rẹ̀ náà ni wọn yóò sì kú sí. Ta ni yóò mọ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Omi hó. Ó sọ fìláàsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Bébà kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára: KÌ Í ṢE TÍÌ. Ó rántí ọjọ́ tí òun bu omi àpòlúkù sí kọ́ọ̀bù, tí òun ti fi ṣúgà sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó wo aṣọ àwọn oníbàárà tó ti di òkìtì ní igun yàrá. Láti ọdún kan, kò tíì rán ọ̀kan parí. *Oúnjẹ tí ì bá fi ga.*

Nígbà tó yá, ó bu omi tútù lu gbígbóná nínú ọpọ́n, ó sì ti ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, bí abiyamọ ṣe ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ. Ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Inú rẹ̀ ló gbé korobá sí, lẹ́yìn náà ó da omi àpòlúkù náà sínú fìláàsì.

Kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé oko, ó di fìláàsì náà mú pinpin.

"Ẹ óò máa ya ẹnu wọn. Kí n tó dà á sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, ẹ óò pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tí ìyá wa sọ ọ́."

Ọ̀gá kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ẹran. Ó pe orúkọ náà. Aránṣọ dà á. Ó tún pè é; ó tún dà á. Nígbà tí wọ́n fi dé orí ìkẹwàá, ohùn ọkùnrin náà ti há.

Orí ewúrẹ́ kejìdínlógún ni Aránṣọ ti gbọ́ pé ohùn ti di méjì. Láti ọjọ́ ìsìnkú, orúkọ náà kò tíì jáde lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ nu itọ́ kúrò lẹ́nu ẹran náà, ó sì tún un pè.